Orúkọ Àwọn Tí Kò Dá Owó

Àbámẹ́ta, 27 oṣù Kẹsàn-án, 2025. Arámọkọ.

“Láti orí ìṣó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dé orí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, ọmọ Èkìtì ló ṣe é. Kò sí ọwọ́ àjèjì kankan níbẹ̀!” Báyìí ni Olóyè Ẹ̀yínadé, alága ilé iṣẹ́ wa, wí nínú gbọ̀ngàn ìlú lónìí, tó gbé àpótí náà sókè bí ẹni ń fi ọmọ tuntun han ìjọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìṣó yẹn, Ṣáínà ló ti wá. Páálí tó bá a dé ni mo ń kó àlùbọ́sà sí báyìí.

Lọ́ńṣìn náà, ìfilọ́lẹ̀ àpótí wa, lọ dáadáa. Ìlérí pọ̀ ju owó lọ, bí ìṣe wa. Òjò kò jẹ́ kí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n tètè dé. Ọgbọ̀n àpótí ni Fẹ́rànmí, ọmọ àbúrò mi tó ṣe é, kó wá, àwọn àgbẹ̀ sì rà wọ́n ku ẹyọ kan. Wọ́n á gbé e sáàárín àwọn àpò kókó nínú ilé. Bí ọ̀rinrin bá ti fẹ́ mú kókó, àpótí á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Ọmọ ìlú kan tó wálé láti òkè òkun ra ẹyọ tó kù, ó ní òun á fi yangàn níbi iṣẹ́.

Kí n kọ ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Olóyè wọ ṣọ́ọ̀bù wá (yàrá ẹ̀yìnkùlé mi tí wọ́n ń pè ní “ilé iṣẹ́” báyìí) pẹ̀lú orúkọ àwọn Bàbá Ìsàlẹ̀ àti Ìyá Ìsàlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dáwó, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ lójú àpótí nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Fẹ́rànmí ní kò sí àyè mọ́ nínú rẹ̀.

“Kí ló kún inú ẹ̀?”

“Sọ́fítíwíà ni, sà. Ojú ìwé kan sì wà tó jẹ́ orúkọ àwọn tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, àti òfin tí wọ́n fi gbé e sílẹ̀ kí gbogbo ayé máa lò ó. Òun ló gùn jù.”

“Àwọn wo nìyẹn? Ṣé wọ́n ń bọ̀ lọ́la?”

“Rárá, sà. Kálukú wà ní ìlú ẹ̀. Òyìnbó ni púpọ̀ nínú wọn.”

“Èló ni wọ́n dá?”

Fẹ́rànmí wò mí. Mo wo àjà.

“Wọn ò dá nǹkan kan, sà.”

“Yọ wọ́n!”

Ó sì yọ wọ́n. Olóyè tún ní kí èmi akọ̀wé fi kún ẹ̀yìn ìwé ìtọ́nisọ́nà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe àdàkọ ohunkóhun tó wà nínú “Ògo Kókó”, torí orúkọ tó sọ àpótí náà nìyẹn. Mo fi kún un. Mo tilẹ̀ tún àmì orí rẹ̀ ṣe.

Ajé, 6 oṣù Kẹwàá.

Òjò láti àárọ̀. Gàrì tún ti wọ́n. Ìyá Ìrètí, ọ̀kan nínú àwọn tó ra àpótí, pè láti Erìó, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù.

“Màmá Tíṣà, uṣẹ́ ọmọ yín yìí mà dáa o! Àná, àárín ìwàásù, ni fóònù bá ké nínú báàgì mi. Pásítọ̀ dúró, ó ní ta ló ń pe arábìnrin? Mo ní kókó mi ni, sà.”

Ó sáré délé, ó rí i pé páànù ti jò sórí àpò méjì. Ó gbé wọn kúrò, kò sí èyí tó bàjẹ́. Mo sọ ọ́ fún Fẹ́rànmí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà pọ̀ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kókó ti ní àwọn á gba ọ̀ọ́dúnrún àpótí kí ọdún tó parí. Bí wọ́n bá gbà á, ṣọ́ọ̀bù dúró. Bí wọn ò bá gbà á, Fẹ́rànmí á padà sí Èkó, tàbí ibi tó jìnnà ju Èkó lọ. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kò gbójú sókè. Bí ìyá rẹ̀ bá wà láyé ni, èmi àti àbúrò mi á ti jọ dì í mú lápá. Mo ti gbàgbé bí mo ṣe ń dá jẹun alẹ́ kí ọmọ yìí tó padà wálé.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹwàá.

Àjèjì ti dé.

Íméèlì ni ó gbà wọlé. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun ti ń fi àpótí yangàn nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ọkùnrin kan níbẹ̀, òun ni Àjèjì yìí, yá a, ó tú u wò, ó bá ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nínú rẹ̀, kò bá orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù bí omi Ìkọ̀gòsì ní apá ibi tó tutù. Ó ní a lómìnira láti lo iṣẹ́ náà, láti tún un ṣe, láti tà á pàápàá. Àwọn kò béèrè kọ́bọ̀. Ohun tí òfin wọn béèrè ni pé kí orúkọ wọn àti òfin náà máa bá iṣẹ́ náà lọ síbi tó bá ń lọ, kí ẹni tó bá sì ra àpótí lè rí gbogbo kóòdù rẹ̀ (àṣẹ tí a kọ fún àpótí) gbà lọ́wọ́ wa, tiwọn àti èyí tí a fi kún un, kí òun náà lè tún un ṣe bó bá fẹ́. A kò ṣe ọ̀kankan. A tún wá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dà á kọ. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ wa láti ta àpótí náà ti bọ́ lọ́wọ́ wa, ó di ìgbà tí àwọn tó ni iṣẹ́ bá dá a padà.

Ó fi kún un pé iṣẹ́ Fẹ́rànmí dára gan-an. Ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ẹtì, 17 oṣù Kẹwàá.

Pálọ̀ Olóyè. Àwòrán rẹ̀ mẹ́rin ló ń wò wá láti ara ògiri. Pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, a kò pọ̀ tó wọn.

“Ẹ jẹ́ kó yé mi,” ó ní. “Èèyàn da ọsàn sójú títì. Mo ṣà á, mo jẹ ẹ́. Ṣé á tún wá béèrè èèpo lọ́wọ́ mi ni?”

Mo ní, “Olóyè, kò dà á sílẹ̀. Ẹ̀bù iṣu ló fún wa. Ó ní kí á gbìn ín, kí á jẹ, kí á tà. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíì bá wá béèrè ẹ̀bù, kí á má ṣahun, kí á sì sọ oko tí a ti rí i.”

“Tíṣà, iṣu kì í ṣe kọ̀ǹpútà.”

Mo gbà fún un lórí ìyẹn.

Fẹ́rànmí ní, “Sà, kò le púpọ̀. Ká dá orúkọ wọn padà, ká kó kóòdù síta, ká yọ gbólóhùn ẹ̀yìn ìwé yẹn, ká sì sọ fún àwọn tó ti rà.”

“Ká sọ kí ni fún wọn? Pé mo purọ́ nínú gbọ̀ngàn?”

“Kì í ṣe irọ́, sà. Àṣìsọ ni.”

“Olóyè kì í ṣàṣìsọ.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣínṣíìnì wá. A jẹ ẹ́.

Ajé, 20 oṣù Kẹwàá.

Olóyè ti fèsì fún Àjèjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé mẹ́ta, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí n kò rí rí, èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ni ní èdè náà. Ó ní Èkìtì ni ilẹ̀ iyì, ó ní kí ọkùnrin náà fi rìsíìtì hàn pé òun ta ohunkóhun fún wa. Kí ó lè mọ irú ènìyàn tí òun ń bá wíjọ́, Olóyè wá ka orúkọ gbogbo àwọn ènìyàn pàtàkì tó fẹ́ ra àpótí wa, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ṣáájú.

Ìlà méjì ni èsì tí Àjèjì kọ padà. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹwàá.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pè. Àwọn kò lè fi owó àgbẹ̀ ra ẹjọ́. Bí a bá rí ìdáríjì gbà, kí a mú ìwé tí alága wa fọwọ́ sí wá, tó sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti wá ní tòótọ́. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ra ti ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹwàá.

Mo lọ sí Adó rí Adédoyin. Ọmọ tí kì í pa ẹnu mọ́ ní kíláàsì mi ti di agbẹjọ́rò tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ṣí mínírà fún mi.

“Mà, ẹ ò ní ẹjọ́ rárá. Iṣẹ́ lẹ ní.”

“Iṣẹ́ báwo?”

“Ẹ dáwọ́ títà dúró. Ẹ kọ̀wé bẹ̀ ẹ́, kó kúrú, kó má ní orúkọ ẹni pàtàkì kankan nínú. Ẹ ṣe gbogbo ohun tó ní kí ẹ ṣe. Kẹ́ ẹ tó wá béèrè ẹ̀tọ́ yín padà.”

Mo béèrè iye owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní pàṣán tí mo fi nà án ní fọ́ọ̀mù tírì ti san án.

Ajé, 3 oṣù Kọkànlá.

Ìṣòro ju orúkọ lọ. Kóòdù tí Fẹ́rànmí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà tó ń ta pátákó oníwáyà inú àpótí fún wa ti ti ọwọ́ wọn bọ inú iṣẹ́ àwọn Àjèjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí wọ́n ṣe. Ó ti kọ̀wé sí wọn títí. Ẹni tó ń dáhùn máa ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, á sì fi iye owó ọjà tuntun ránṣẹ́.

“Mọ́mì, n kò lè fún èèyàn ní ohun tí wọn ò fún mi.”

“Kí la máa wá ṣe?”

“Màá da ti Ṣáínà nù, màá kọ́ ọ látìpìlẹ̀ lórí èyí tó mọ́. Lẹ́yìn náà, màá gun ọ̀kadà láti ilé kókó dé ilé kókó, màá máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ ra ìyọ̀ níwájú ilé.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kọkànlá.

Òjò. Iná kò wá. Fẹ́rànmí kò jẹun. Mo jẹ tirẹ̀ mọ́ tèmi kí ó má baà bàjẹ́, inú sì bí mi sí àwa méjèèjì.

Ẹtì, 14 oṣù Kọkànlá.

Ó jí! Àpótí náà jí. Fẹ́rànmí ké pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, mo fi omitooro sílẹ̀ lórí iná. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ mọ́ tí a kò ní kóòdù rẹ̀, ó sì kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ àwọn tó kọ ọ́ gba inú rẹ̀, òfin wọn gba inú rẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì, orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú rẹ̀. Mo wọ gíláàsì mi, mo pè wọ́n bí ẹni ń pe orúkọ kíláàsì lówùúrọ̀. Àwọn kan kò ní fáwẹ̀lì tó bó ṣe yẹ, mo pè wọ́n bí mo ti lè pè wọ́n. Fẹ́rànmí ń dáhùn fún wọn: “Ó wà, mà.” “Ó wà, mà.” Nígbà tó kan ẹni tó kẹ́yìn, orúkọ tirẹ̀ ni.

Omitooro jóná.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kọkànlá.

A ti ń kiri láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀fọ̀n parí láìsí wàhálà, àfi ti ẹ̀yìn mi: òkè ibẹ̀ kò mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì. Ìwé ni èmi ń pín. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èdè tí àgbẹ̀ lè kà, ó sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kóòdù lè kọ̀wé wá gbà á. Púpọ̀ wọn fi í sábẹ́ Bíbélì.

Ní Ìkọ̀gòsì, Alàgbà Ọlátúndé tẹ bọ́tìnnì àpótí rẹ̀ lẹ́yìn tí a ṣe é tán. Ó wò ó. Ó tún un tẹ̀.

“Orúkọ mi dà?”

“Ó wà lẹ́yìn àpótí, sà,” Fẹ́rànmí ní. “A tẹ orúkọ gbogbo àwọn Bàbá Ìsàlẹ̀ sórí ìwé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.”

“Ẹ̀yìn! Mo dáwó níwájú ìjọ, ẹ wá kọ mí sẹ́yìn! Ta wá ni eléyìí tó wà níwájú? Ọmọ ta ni? Ìlú wo ni?”

Mo ní, “Alàgbà, òun ló kọ apá tó ń ka agogo.”

“Mi ò ní agogo ni?”

Ó ní kí a dá tòun padà bó ṣe wà. Fẹ́rànmí ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Alàgbà fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ na ìta sí wa. Fẹ́rànmí dá a padà. Ó ní òun á sọ òótọ́ fún Àjèjì pé ó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kọkànlá.

Erìó ló kẹ́yìn. Òjò tí kò yẹ kó rọ̀ mọ́ nínú oṣù yìí tún ṣú. Ìyá Ìrètí ti di ẹrù rẹ̀. Ìrètíolúwa, ọmọ rẹ̀, fẹ́ bímọ ní Adó. Ó dín dòdò fún wa. Ọlọ́kadà ń pariwo níta pé bí òjò bá ká òun mọ́ ojú ọ̀nà yẹn, a máa sùn síbẹ̀ ni. Fẹ́rànmí pààrọ̀ sọ́fítíwíà, iná àpótí di àwọ̀ ewé, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò. Níbi yòókù, ó máa ń ta omi díẹ̀ sí i lára, kó lè rí i pé fóònù ké. Lónìí kò dúró.

“Ẹ má fòyà,” Ìyá Ìrètí ní, ó ń ti ilé kókó rẹ̀. “Kókó mi mọ nọ́ńbà mi. Bó bá fẹ́ nǹkan, á pè mí.”

Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà.

Ajé, 1 oṣù Kejìlá.

Ìyá Ìrètí dé láti Adó lánàá. Ọkùnrin ni Ìrètíolúwa bí, ara tìyá tọmọ le. Lẹ́yìn tó sọ ìyẹn ló wá ní, “Màmá Tíṣà, fóònù ò ké o.”

Mo lọ síbẹ̀. Páànù ti ṣí ní apá kan. Kókó ti di funfun nínú àpò bíi hóró tí wọ́n gbàgbé sínú ìyẹ̀fun, òórùn rẹ̀ jáde dé ojú ọ̀nà. Gíréèdà, ẹni tó ń yẹ kókó wò kí wọ́n tó rà á, ti wá, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Gbogbo ìkórè ọdún yìí ni. Iná àpótí ṣì ń tàn, àwọ̀ ewé minimini.

Ìyá Ìrètí kò bá wa jà. Ó ní kí n jókòó, ó lọ wá àga.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kejìlá.

Fẹ́rànmí ti rí i. Nẹ́tíwọ̀kì tí fóònù Ìyá Ìrètí wà lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, sọ́fítíwíà tuntun kò sì mọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ti yẹ gbogbo àpótí yòókù wò. Wọ́n dára. Tirẹ̀ nìkan ni.

Àtàárọ̀ ló ti wà ní Erìó, òun àti obìnrin náà jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ṣa kókó lẹ́yọ lẹ́yọ, bóyá wọ́n á rí èyí tó ṣe é tà. Nígbà tó dé, mo béèrè pé mélòó ni wọ́n rí. Ó nawọ́ sí mi. Ó kún ọwọ́ kan.

Ẹtì, 5 oṣù Kejìlá.

Àjèjì ti dáhùn ìwé ìbẹ̀bẹ̀ àti kóòdù tí a fi ránṣẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ kóòdù wa wò, wọ́n kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀, ohun tó jáde bá ti inú àpótí mu. Wọ́n ti dá ẹ̀tọ́ wa padà. Ti Ìkọ̀gòsì, ó ní àwọn mọ̀ pé a gbìyànjú, kí a máa bá bàbá náà sọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fẹ́rànmí, ó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá díẹ̀ ló máa ń ṣe é báyìí.

Ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀. Àyè iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣé ó wu Fẹ́rànmí?

Ọ̀dọ̀ mi ni íméèlì ń wọlé sí. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ fọ abọ́. Mo padà wá, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kejìlá.

Ọ̀la ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá. Ìbuwọ́lùwé Olóyè nìkan ló kù. Mo ti kọ ìwé náà kí ó má gún un níbì kankan. Ó sọ pé a gba apá kan iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀, a fi tiwa kún un, a sì dúpẹ́.

Ó kà á dé ibi “a gbà lọ́wọ́”, ó yọ gíláàsì rẹ̀.

“Tíṣà, n kò lè fọwọ́ sí i.”

“Kí ló burú níbẹ̀, Olóyè? Òótọ́ ni.”

“Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Orúkọ Èkìtì ni mò ń dáàbò bò.”

“Orúkọ Èkìtì wà níbẹ̀. Ó tẹ̀lé tiwọn ni.”

“Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí? Ó tẹ̀lé!”

Fẹ́rànmí dọ̀bálẹ̀. Ọmọ tí kì í dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àyà rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì. “Bàbá, ẹ dákun. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ṣọ́ọ̀bù pa dé nìyẹn. Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ san owó kókó Ìyá Ìrètí padà fún un. N kò ní ibòmíì tí màá ti ṣe é.”

Olóyè wo orí rẹ̀ tó wà nílẹ̀ títí. Mo rò pé ó ti fẹ́ rọ̀. Ó wá ní, “Dìde, ọmọ mi. Ohun tí ènìyàn bá ti sọ lójú gbogbo ìlú, ó ti sọ ọ́ tán.”

Ìyàwó rẹ̀ tún gbé ṣínṣíìnì wá. A kò jẹ ẹ́.

Ẹtì, 12 oṣù Kejìlá.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúró dè wá títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Kejìlá.

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi là. Mo gbọ́ Olóyè lórí rédíò: àwọn àjèjì ló ba iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Èkìtì jẹ́. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó ti rí ọwọ́ àjèjì níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kejìlá.

Àdá kan ṣoṣo ló wà nílé, Fẹ́rànmí sì ti fi gé gbogbo igbó ẹ̀yìnkùlé, ó tún páànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kàn, ó ra gáàsì kún sílíńdà. N kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tí a jẹun tán, ó ní, “Mọ́mì, mo ti dá wọn lóhùn lórí iṣẹ́ yẹn.”

Mo ní, “Mo mọ̀. O ti gé igbó.”

Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kìíní, 2026.

Ó lọ láàárọ̀ yìí. Èkó ló kọ́kọ́ lọ, láti lọ máa wá físà. Kí ó tó wọkọ̀, ó yà sí Erìó, ó gbé fóònù tirẹ̀ fún Ìyá Ìrètí, síìmù tí àpótí gbọ́ èdè rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà gbà á, ó fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan odindi. Kò ní kókó tí àpótí máa ṣọ́ títí di ìkórè mìíràn.

Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì. Àwọn àpótí ṣì wà nínú ilé kókó àwọn ènìyàn, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Òfin Àjèjì sì ní ẹnikẹ́ni tó bá béèrè kóòdù láàárín ọdún mẹ́ta, a gbọ́dọ̀ fún un. Ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ènìyàn àti àdírẹ́sì lára. Fẹ́rànmí kò ní àdírẹ́sì mọ́. Olóyè kò lè fi tirẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí ó kọ tèmi: Ìyáàfin Lydia Olúrántí, ẹ̀yìn ilé ìwé, Arámọkọ. Kóòdù náà wà nínú ohun kékeré kan tí kò tó ìka mi, mo fi aṣọ wé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣí i. Mo ti gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó tún kọ́ mi, ó sì rọra kọ́ mi.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì, ìdajì wọn ti lọ.

Bí ẹnì kan bá gbé àpótí rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yìí ní ọdún kẹta, ta ni yóò dá a lóhùn?